Òdòdó, Ẹranko Ìṣeré àti Àpamọ́wọ́ Láti Ara Irun Àgùntàn: Ǹjẹ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ Yìí Lè Bọ́ Ọmọ Òrukàn?



  

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn opó àti ọmọ òrukàn bá délẹ̀ láàárín wa, aṣọ rírán, irun dídì, ọṣẹ ṣíṣe àti adìyẹ sísìn ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára yín ti ń bi wá léèrè iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n rí lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun: òdòdó, ẹranko kéékèèké àti àpamọ́wọ́ obìnrin tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe, tí wọn kò hun, tí wọn kò sì rán. Wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ń tà á lówó gidi, omi àti ọṣẹ lásán sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé a lè fi owó ẹgbẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yìí? Àwọn mìíràn sì bi wá pé, ẹranko ṣíṣe ńkọ́? Kí ni Ṣàríà sọ sí i?

A kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán. Amáánà ni owó tí ẹ fi sí ọwọ́ wa. Bákan náà, ọdún tí ọmọ òrukàn bá fi kọ́ iṣẹ́ tí kò rí ohun èlò rẹ̀ rà, tàbí tí kò rí ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá ọdún náà padà fún un. Nítorí náà, a óò kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lẹ́yìn náà a óò wo ohun tí àwọn onímímọ̀ sọ nípa rẹ̀, ohun tí ó ṣe fún àwọn tó ń fi í jẹun, àti ohun tí ilẹ̀ tiwa gbà.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ FẸ́LÍTÌ?

Fẹ́lítì ni àwọn Òyìnbó ń pe irun àgùntàn tí a fún pọ̀ títí tó fi di aṣọ. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní libd tàbí lubbād, ẹni tó sì ń ṣe é ni labbād. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ilé-kéwú yóò rántí pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí ó sì ki. Láti ara gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ tó parí āyah 19 nínú Súratul-Jinn ti wá, níbi tí a ti sọ nípa àwọn tó ṣù bo Ànábì bí ẹni pé wọn yóò gun orí ara wọn. Iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí àwọn tó bí wa ní ìmọ̀. Abū Bakr ibn al-Labbād, tó kú ní ọdún 333 Hijrah (944), wà lára àwọn olùkọ́ Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī tó kọ ìwé Risālah tí à ń kọ́ ní ilé-kéwú wa. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ọmọ ẹni tó ń ṣe fẹ́lítì.

Báwo wá ni irun ṣe ń di aṣọ láìsí òfì? Ọlọ́hun fi ìpẹ́ sí ara fọ́nrán irun àgùntàn kọ̀ọ̀kan, ìpẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja tàbí bí páànù orí òrùlé, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà kan náà, láti ìdí irun lọ sí ṣóńṣó rẹ̀. Tí omi gbígbóná àti ọṣẹ bá kan irun náà, ìpẹ́ yóò ṣí díẹ̀, irun yóò sì máa yọ̀ lọ́wọ́. Bí ọwọ́ bá ti ń rà á, tí ó ń tẹ̀ ẹ́, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan yóò máa rìn lọ sí ọ̀nà kan, ìpẹ́ rẹ̀ kì yóò sì jẹ́ kí ó padà. Bí ọ̀kẹ́ àìmọye fọ́nrán bá ti wọ inú ara wọn báyìí, wọn yóò so pọ̀, wọn yóò súnkì, wọn yóò di aṣọ tí a lè fi àlùmọ́gàjí gé láìjẹ́ pé etí rẹ̀ tú. Ó ti parí nìyẹn, kò sí bí a ṣe lè tú u padà di irun mọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá fi omi gbígbóná fọ súwẹ́tà tó jẹ́ ojúlówó irun àgùntàn, tí súwẹ́tà àgbàlagbà fi di ti ọmọdé.

ÀWỌN WO LÓ NI IṢẸ́ NÁÀ?

Àwọn darandaran Àárín Gbùngbùn Éṣíà ni iṣẹ́ yìí pẹ́ jù lọ́wọ́ wọn. Láàárín ọdún 1947 sí 1949, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Sergei Rudenko ṣáájú wọn hú àwọn sàréè àtijọ́ ní Pazyryk, ní àwọn òkè Altai ní Siberia. Yìnyín ti wọ inú sàréè náà, ó dì, kò sì jẹ́ kí nǹkan inú wọn jẹrà. Lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni àwọn ẹyẹ odò ọlọ́rùn gígùn, tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá, tí a fi fẹ́lítì ṣe, tí a sì kì nǹkan sí nínú kí ó lè dúró. Ó ti ju 2,000 ọdún lọ tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ti ṣe wọ́n. Ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Hermitage ní Saint Petersburg ni wọ́n wà báyìí. Nítorí náà, ẹranko fífi irun àgùntàn ṣe kì í ṣe àṣà òde òní.

Ní ìlú Konya ní orílẹ̀-èdè Turkey, fẹ́lítì ni wọ́n fi ń ṣe fìlà gíga àwọn Súfì tó ń tẹ̀lé Jalāluddīn Rūmī, òun náà sì ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù ńlá tí àwọn darandaran ń wọ̀ nínú òtútù. Ṣùgbọ́n Kyrgyzstan ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orílẹ̀-èdè olókè ni, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀. Fẹ́lítì ni wọ́n fi ń bo àgọ́ tí wọ́n ń gbé lórí òkè, òun ni ẹní ilẹ̀ wọn, òun ni fìlà funfun tí àwọn ọkùnrin wọn ń dé. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ṣe ẹní náà. Wọ́n á fi igi lu irun títí yóò fi fẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní eèsún, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á ká a pọ̀, wọ́n á so ó ní okùn, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ yí i kiri ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kúnlẹ̀ tò, wọ́n á máa fi apá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa yí i. Iṣẹ́ ẹnì kan kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe máa ń ṣe ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE ÒDÒDÓ

Òdòdó ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Irun tó wọn nǹkan bíi 10 gíráàmù tó fún òdòdó ńlá kan. Irun náà gbọ́dọ̀ ti jẹ́ fífọ̀, kí wọ́n sì ti yà á bí ẹni ya irun orí. Ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ẹ fa irun náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ ìpele kìíní ní ìbú, ìpele kejì ní òró, ìpele kẹta ní ìbú. Bí wọ́n bá ṣe dábùú ara wọn yìí ni yóò fi di ara wọn mú. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, ẹ wọ́n ọn sí i títí yóò fi rin, ẹ da aṣọ nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ rà á.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣe àṣìṣe nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ bí ọwọ́ tó ń pa ìpara fún ọmọ tuntun. Tí a bá tètè fi agbára sí i, irun yóò ya kúrò níbi tí a tẹ́ ẹ sí, yóò fi ihò sílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ìka méjì mú ojú rẹ̀, ẹ fà á sókè díẹ̀. Tí fọ́nrán bá ń dá dìde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò tíì tó. Tí gbogbo rẹ̀ bá dìde pọ̀ bí awọ, ó ti mú. Nígbà náà ni a óò ká a mọ́ inú ẹní, tí a óò máa yí i síwá-sẹ́yìn ní ìgbà àádọ́ta, tí a óò tú u, tí a óò yí ojú rẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn, tí a óò tún ká a. Bẹ́ẹ̀ ni a óò máa ṣe títí tí yóò fi súnkì ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ sí ewé òdòdó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ fún àárín rẹ̀ pọ̀ kó rí bí ife, ẹ fi omi tútù ṣan ọṣẹ kúrò, ẹ fi ìwọ̀nba fínígà sí omi ìkẹyìn, ẹ sá a bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Bó bá ti gbẹ sí ni yóò ṣe dúró. Àwọn obìnrin ń fi òdòdó yìí sára híjáàbù, sára fìlà, sára ẹ̀wù àti sára àpamọ́wọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE ÀPAMỌ́WỌ́

Ohun ìyanu nínú àpamọ́wọ́ fẹ́lítì ni pé kò ní ojú rírán kankan. Àṣírí rẹ̀ ni pátánì tí a fi ọ̀rá nínípọn gé. A óò tẹ́ irun sí ojú kan pátánì náà, a óò rin ín, a óò yí i padà, a óò ṣẹ́ etí irun tó yọ síta wá sí ojú kejì, a óò sì tẹ́ irun mìíràn bò ó. Ọ̀rá tó wà láàárín kì í jẹ́ kí ojú méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti mú, a óò gé etí kan, a óò yọ ọ̀rá náà, inú àpò yóò sì ṣí sílẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ ṣe pàtàkì. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ náà máa ń súnkì ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ àpò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ gé pátánì tó tó 36 sẹ̀ǹtímítà. Irun tí yóò lò lè tó 100 sí 200 gíráàmù. Ibi tó sì ti gba agbára jù ni ìgbà tí a bá ń ká a, tí a ń jù ú mọ́lẹ̀, tí a sì ń rà á kí ó lè ki dáadáa. Àpò tí kò bá ki tó yóò wú, yóò sì fà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹni tó rà á kì yóò padà wá mọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE ẸRANKO

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹranko kéékèèké tí ẹ ń rí kì í ṣe omi ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Abẹ́rẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ yìí kò ní ihò òwú, ara rẹ̀ ní ìwọ̀ kéékèèké tó ń wọ́ fọ́nrán irun wọ inú nígbà tí a bá gún un. Inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó. Ó di nǹkan bíi 1980 sókè kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí mú un lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láti fi gbẹ́ ère kéékèèké.

Wọ́n á ká irun pọ̀ ṣìkìtìṣìkìtì fún ara àti orí, wọ́n á gbé e lé orí fóòmù, wọ́n á sì máa gún un yíká. Ibi tí a bá gún jù ni yóò wọlé jù, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn, imú àti etí ṣe ń jáde. Ní ti ẹsẹ̀, wọn kì í gún ìdí rẹ̀ tán, wọn a fi irun sílẹ̀ níbẹ̀ ní wúruwùru kí ó lè rí ohun tí yóò fi so mọ́ ara. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí ó sì jáde ní ọ̀nà kan náà, tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, yóò dá. Ó mú púpọ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fún ọmọ kékeré. Tí ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ bá ni a ń ṣe, irun dúdú ni kí a fi ṣe ojú rẹ̀, kí a má fi ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ lè já jẹ.

KÍ NI ÀWỌN ONÍMÍMỌ̀ SỌ?

Ní ti irun fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà. Nínú Súratun-Nahl, āyah 80, Ọlọ́hun ka irun àgùntàn mọ́ àwọn ohun tí Ó fi ṣe ìkẹ́ fún wa, tí à ń fi ṣe ohun èlò ilé àti ohun ìgbádùn fún ìgbà kan. Nínú mádh-hab Mālik, mímọ́ ni irun tí a gẹ̀, ì báà jẹ́ lára àgùntàn tó wà láàyè tàbí lára òkú.

Ní ti òdòdó àti àpamọ́wọ́, kò sí wàhálà níbẹ̀ náà. Nínú hàdíìsì tí Bukhārī gbà wá, ọkùnrin kan tó ń fi àwòrán ṣíṣe jẹun wá bá Abdul-Lāhi ọmọ Abbās. Ibn Abbās fi ìkìlọ̀ Ànábì lórí àwòrán yé e títí jìnnìjìnnì fi bo ọkùnrin náà. Kò wá lé e kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ láìfi ọ̀nà hàn án. Ó ní kí ó máa ṣe igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìdáhùn yìí. Ó dí ọ̀nà kan, ó sì ṣí òmíràn fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ẹranko ṣíṣe ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn onímímọ̀ kọ ère ohun ẹlẹ́mìí tó pé ní ara, tó sì ní òjìji, pàápàá èyí tí a ń gbé sí pálọ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀. Al-Qādī Iyād, ọ̀kan nínú àwọn ààfáà ńlá mádh-hab wa, sọ pé èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn onímímọ̀ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan tako o. Ẹ̀rí wọn ni hàdíìsì ìyá wa Āishah tí Abū Dāwūd gbà wá, nípa ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ tí ó fi àkísà ṣe, tí Ànábì rí, tí ó bi í léèrè rẹ̀, tí ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Èyí tó tún kan ọ̀rọ̀ wa gan-an ni hàdíìsì Rubayyiʿ ọmọ Muʿawwidh, tí Bukhārī àti Muslim gbà wá. Ó ní nígbà tí wọ́n bá ń fi ààwẹ̀ Āshūrā kọ́ àwọn ọmọ wọn, àwọn a máa fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Tí ọmọ bá ń sunkún oúnjẹ, wọn a gbé ohun ìṣeré náà fún un títí oòrùn yóò fi wọ̀. Irun tí ó dárúkọ níbẹ̀ ni ʿihn, ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹ̀ ń kà nínú Súratul-Qāriʿah, níbi tí àwọn òkè yóò ti dà bí irun tí a gbọ̀n.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí fi òdòdó àti àpamọ́wọ́ ṣe olórí ọjà rẹ̀. Bó bá ṣe ẹranko, kí ó jẹ́ ohun ìṣeré fún ọmọdé, kí ó má ṣe é fún ẹ̀ṣọ́ pálọ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ KYRGYZSTAN ÀTI NÍ NEPAL

Nígbà tí Kyrgyzstan wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, oko ìjọba ló ń sin ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgùntàn, ilé iṣẹ́ ìjọba ló sì ń gba irun wọn. Nígbà tí ìjọba náà túká ní ọdún 1991, àwọn oko dàrú, ilé iṣẹ́ kógbá sílé, owó oṣù dúró. Láàárín ọdún díẹ̀, iye àgùntàn wọn dín ju ìlàjì lọ. Irun tó kù kò tún fi bẹ́ẹ̀ ní olùrà. Àwọn obìnrin ni wọ́n tún padà sídìí ohun tí àwọn ìyá ìyá wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ìlú bíi Kochkor, wọ́n kóra jọ sí ẹgbẹ́ alájọṣe, wọ́n ń ṣe ẹní, bàtà inú ilé, àpò àti ohun ìṣeré kéékèèké fún àwọn arìnrìn-àjò. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: ẹní ńlá kan lè gba oṣù púpọ̀, olùrà rẹ̀ kò sì pọ̀, ó sì ṣòro láti gbé sínú ọkọ̀ òfúrufú. Òdòdó àti àpò kékeré ni àlejò lè rà lọ́gán kó sì tì í bọ àpótí rẹ̀. Ohun kékeré ló máa ń mú owó ọbẹ̀ wọlé.

Síbẹ̀, ní ọdún 2012, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ẹní fẹ́lítì Kyrgyzstan sínú ìwé àwọn àṣà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tètè dáàbò bò kí wọ́n má baà parun. Àwọn ìdí tí wọ́n kà sílẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ti lé ní ogójì ọdún, àwọn ọ̀dọ́ kò bìkítà, kápẹ́ẹ̀tì oníke tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ti gba ọjà, irun tó dára sì ti ṣọ̀wọ́n. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn ènìyàn yẹn kò mọ iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun èlò àti ọjà ló ń dá wọn dúró.

Nepal fi apá kejì hàn wá. Irun tí wọ́n kó wọlé láti New Zealand ni ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ fẹ́lítì ní Kathmandu ń lò, kì í ṣe ti àgùntàn ilẹ̀ wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣe òdòdó, ẹranko ìṣeré àti àpamọ́wọ́, wọ́n ń kó o lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ń jẹun nídìí rẹ̀, nítorí pé àwọn olùrà ti wà kí wọ́n tó tẹ́ irun sílẹ̀.

ILẸ̀ TIWA ŃKỌ́?

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan yóò ti sọ sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn: "Ẹgbẹ̀rún àgbò ni à ń pa nígbà Iléyá, a sì ń sun irun wọn dànù. Kí ló dé tí a kò kó irun náà fún àwọn opó?" Èrò rere ni, ṣùgbọ́n kò lè ṣẹlẹ̀. Àwọn àgùntàn ilẹ̀ wa, ì báà jẹ́ Yankasa, Balami àti Uda tó ń wá láti òkè Ọya, ì báà jẹ́ àgùntàn kúkúrú tó wà lágbègbè wa, irun tó rí bíi ti ewúrẹ́ ni Ọlọ́hun fi sí wọn lára nítorí ooru. Ó kúrú, ó le, ó sì ń dán. Bí a bá fi omi àti ọṣẹ rà á láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní di aṣọ.

Ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra èyí tí à ń pè ní wúùlù lọ́jà. Wúùlù tí àwọn obìnrin fi ń di irun, àti púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọ ọwọ́, kì í ṣe irun àgùntàn. Ike ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọn kò ní ìpẹ́, wọn kì í sì í so pọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọwọ́ wa lè tó. Nínú aṣọ òkìríkà tó ń wọ ọjà wa, súwẹ́tà tó jẹ́ ojúlówó irun àgùntàn máa ń wà níbẹ̀, kì í sì í yá ní títà nítorí ooru. Ẹ wo àkọlé inú ọrùn rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 100% wool sí i, òun nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ superwash sí i, ẹ fi í sílẹ̀, wọ́n ti pa ìpẹ́ rẹ̀. Tí kò bá ní àkọlé, ẹ já òwú kan lára rẹ̀, ẹ fi iná kàn án. Irun àgùntàn yóò rùn bí irun orí tó jó, eérú rẹ̀ yóò sì rún lọ́wọ́. Ike yóò yọ́, yóò di kókó líle.

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ súwẹ́tà náà bí ẹni ń fọ aṣọ mẹ́káníìkì, ẹ kì í bọ omi tútù, ẹ dá a padà sínú gbígbóná, títí tí ojú híhun rẹ̀ kò fi ní hàn mọ́. Bó bá gbẹ, ó ti di fẹ́lítì. A lè gé ewé òdòdó lára rẹ̀, a lè fi ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀ rán àpamọ́wọ́, kí a fi apá rẹ̀ ṣe okùn àpò, kí a sì fi ẹ̀kúfọ́ rẹ̀ kì inú ohun ìṣeré. Ọmọ tó ti mọ aṣọ rán díẹ̀ lè fi èyí bẹ̀rẹ̀ láìnáwó púpọ̀. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá dán, tí ọjà rẹ̀ sì tà, nígbà náà ni a óò tó máa sọ̀rọ̀ irun tí a ó rà láti òkè òkun.

SÀKÁ ÀTI IRINṢẸ́

Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé pé jíjẹ́ ọmọ òrukàn nìkan kò sọ ènìyàn di ẹni tí sàká tọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ tálákà tàbí aláìní ni. Tí ó bá sì tọ́ sí i, Imām an-Nawawī ṣàlàyé nínú al-Majmūʿ pé ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni a lè fún ní ohun tí yóò fi ra irinṣẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ì báà kéré, ì báà pọ̀. Ní ti mádh-hab Mālik, òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ ni ohun tí yóò tó o ná fún ọdún kan. Àlùmọ́gàjí, ẹní, ọpọ́n, ọṣẹ, abẹ́rẹ́ àti súwẹ́tà mélòó kan kò lè ju ìyẹn lọ.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ yìí lè wúlò, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àfikún sí aṣọ rírán, láti ara súwẹ́tà àlòkù, fún ìwọ̀nba àwọn tí ọwọ́ wọn yá sí i. Kò tíì tó ohun tí a óò kó ogún ọmọ sí nídìí. Kí a tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè méjì: níbo ni ohun èlò rẹ̀ yóò ti máa wá lẹ́yìn tí owó ìrànlọ́wọ́ bá tán? Ta ni yóò rà á? Ẹ̀yin tí ẹ ní súwẹ́tà irun àgùntàn tí ẹ kò wọ̀ mọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ta híjáàbù, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní òkè òkun, ọwọ́ yín ni ìdáhùn méjèèjì wà.

Kí Ọlọ́hun gba ìtọrẹ àánú wa, kí Ó fi ìbùkún sí ohun tó kù lọ́wọ́ wa, kí Ó sì ṣí ọ̀nà oúnjẹ halāl fún àwọn opó àti ọmọ òrukàn wa. Āmīn.

Wa bil-Lāhi t-tawfīq.